Mojíbádé Kì Í Jí

Bàbá mi tó ti kú dúró lórí ìtàgé, ó dé adé, ó sì ń lé mi kúrò nílùú. Èmi ni mo ń ṣe Mojíbádé, ọmọ ọba, nínú eré náà. Mi ò rántí ìgbà tí wọ́n ní kí n ṣe é, ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló wà lórí mi. Ọba ti ní kí wọ́n pa àgbẹ̀ kan tí kò ṣẹ̀, nítorí ilẹ̀, èmi sì ti sọ fún un lójú àwọn ìjòyè pé ohun tó ṣe kò dára.

“Jáde!” ni bàbá mi wí. “Má jẹ̀ẹ́ kí n rí ẹsẹ̀ rẹ láàfin yìí mọ́.”

Ohùn tó fi máa ń pè mí wá jẹun gan-an ni. Inú mi dùn láti tún gbọ́ ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń lé mi.

Mo jáde. Ẹ̀yìn ìtàgé ti di ilé ìdáná wa ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Ẹní kan wà nílẹ̀ níbẹ̀. Ẹní náà ní, “Dùbúlẹ̀. Ibí ni wàá kú sí kí ọba tó dé.” Mo dùbúlẹ̀, nítorí bí eré náà ṣe rí nìyẹn: ọba á ronú pìwà dà, á wá ọmọ rẹ̀ lọ, òkú rẹ̀ ni yóò sì bá.

Mo ń wo bàbá mi láti orí ẹní. Ògiri kò dí mi lójú. Adé sọ fún un pé orí rẹ̀ ti gbóná jù, ó sì ṣí i, ó gbé e lé orí kùkùté kan. Ó bọ́ bàtà. Ó lọ bá opó àgbẹ̀ náà lóko, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹrẹ̀. Obìnrin náà na ọkọ́ sí i. Bàbá mi kọ ebè títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó, ebè tó bá sì ti kọ tán á ní, “Ó kù.” Nígbà tó yá, opó náà gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ó tó, Kábíyèsí. Ọmọ yín ń retí yín.”

Ó wá ń sáré bọ̀. Ìtàgé ń gùn sí i lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, irun rẹ̀ sì ń funfun bó ṣe ń sáré. Ẹní ní kí n pa ojú dé. Mo pa á dé. Mo gbọ́ tó wọlé, mo gbọ́ tó wólẹ̀. Òórùn ọṣẹ tó fi ń wẹ̀ nígbà ayé rẹ̀ ń ta sí mi nímú.

“Ọmọ mi,” ló wí, “mo ti dé. Dárí jì mí.”

Òkú kì í dáhùn nínú eré yẹn. Ṣùgbọ́n ìdálẹ̀ ni bàbá mi kú sí, níbi tó ti ń ṣeré kiri. A ò dágbére fún ara wa. Mo la ojú.

“Ẹ káàbọ̀, bàámi. Ẹ mà pẹ́ o.”

Ó rọra sọ̀rọ̀, kí àwọn òǹwòran má baà gbọ́. “Mojíbádé kì í jí.”

“Èmi kọ́ ni Mojíbádé. Èmi Àwẹ̀ró yín ni.”

“Mo mọ̀. Ìwọ ni mo ń bọ̀ wá bá. Ṣé ọba lo máa dárí jì ni, àbí èmi?”

“Ẹ̀yin méjèèjì.”

Ó na ọwọ́ sí mi, mo sì dì í mú. Ó gbóná. Aṣọ ìkélé já bọ́ sáàárín wa. Ó bo bàbá mi pátá, ó ku ọwọ́ rẹ̀ nìkan lọ́dọ̀ mi. Mo gbọ́ tí àwọn òǹwòran ń dìde, tí wọ́n ń to àga jọ. Mo gbọ́ tí ẹnìkan ń ké pè é lódìkejì aṣọ náà pé ọkọ̀ àwọn òṣèré ti fẹ́ gbéra. Bàbá mi dáhùn pé òun ń bọ̀.

Ọwọ́ náà kò kúrò nínú tèmi.