Mẹ́jọ Tí Ìyá Sípánà Kọ

Ọwọ́ Ìyá Sípánà, mẹkáníìkì àwọn ológun, ti wọ inú sàlẹ́ńsà hẹlikọ́pútà dé èjìká nígbà tí ọ̀gágun yọ sí i lẹ́yìn.

"Bọ́ ìborùn yẹn kúrò. Oòrùn ti mú. Ọmọ ogun wa mẹ́wàá ló há sórí òkè, ẹ̀ẹ̀kan péré la sì lè lọ."

Ìborùn ni wọ́n ń pe irin ńlá tó bo ẹnu sàlẹ́ńsà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fi afẹ́fẹ́ tútù lú èéfín gbígbóná, kí ọta tó ń tọ ooru lẹ́yìn má baà rí bàálù lójú ọ̀run. Àmọ́ irin náà wúwo, ó sì ń fún ẹ́ńjìnnì lọ́rùn, bẹ́ẹ̀ oòrùn nìkan ti ń dín agbára ẹ́ńjìnnì kù. Láìsí i, bàálù á gbé ẹni méjìlá wẹ́rẹ́. Bó bá wà níbẹ̀ lọ́sàn-án gangan báyìí, mẹ́wàá ni, kò sì gbọ́dọ̀ lé ẹyọ kan.

"Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, sà," ni obìnrin náà dáhùn, kò tilẹ̀ yọwọ́. "Àwọn tó yí òkè yẹn ká ní ọta tó ń tọ ooru. Tẹ́ ẹ bá bọ́ ọ, gbogbo wọn á jóná pọ̀ ni."

Àbúrò Ìyá Sípánà ni olórí àwọn mẹ́wàá náà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló gbé e dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn. Ọ̀gágun mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ó dáa. Mélòó ni kó gbé?"

Àṣà kan wà ní bárékè náà tí ẹnikẹ́ni kì í sọ jáde. Mẹkáníìkì ló ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye èèyàn tí bàálù lè gbé sára ilẹ̀kùn. Awakọ̀ bàálù á wo nọ́ńbà náà, á sì fi méjì kún un. Kò sígbà tí kì í fi kún un, wọ́n kúkú ti sọ ọ́ ní Fikún-un. Nítorí tirẹ̀ ni mẹkáníìkì fi ń yọ méjì kó tó kọ ọ́ rárá. Ẹni kan yọ, ẹni kan fi kún un, òótọ́ sì dúró sáàárín wọn láìsí ìjà.

Ìyá Sípánà dúró ti ilẹ̀kùn pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́. Ó ń ṣe é bíi kó kọ mẹ́wàá, lẹ́ẹ̀kan yìí péré. Àmọ́ tó bá kọ mẹ́wàá, méjìlá ni Fikún-un máa rí. Á kó ìbọn àti àpótí gbogbo wọn lé e dípò ẹni méjì tó ṣẹ́ kù, bàálù á sì já bọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ nínú. Ìfẹ́ ló fi yọ méjì yẹn. Ó kọ mẹ́jọ, gàdàgbà gadagba.

Fikún-un wò ó, ó ṣẹ́jú sí i. "Mẹ́jọ, àbí? Mo gbọ́ yín, Ìyá."

Ó gbéra. Ìyá Sípánà fi kẹrosíìnì fọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta níwájú rédíò, ẹ̀rù ń bà á gan-an. Nígbà tó yá, ohùn Fikún-un jáde: wọ́n ti kúrò lórí òkè, àwọn ọ̀tá yin ọta kan lù wọ́n, ọta náà sì gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá bí afọ́jú. Àwọn mẹkáníìkì hó yèè. Òun náà hó. Ìborùn rẹ̀ ṣiṣẹ́.

Bàálù balẹ̀. Ìyá Sípánà ń kà wọ́n bí wọ́n ṣe ń bọ́ sílẹ̀ nínú eruku. Mẹ́fà. Méje. Mẹ́jọ. Ó yọjú sínú. Kò sẹ́nì kan mọ́.

Fikún-un ò tíì dìde lórí ìjókòó rẹ̀. "Mo ní kí àbúrò yín wọlé, Ìyá. Mo pariwo títí pé àyè ṣì wà. Ó fọwọ́ kan nọ́ńbà yẹn lára ilẹ̀kùn. Ó ní, 'Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi nìyí. Ẹ̀gbọ́n mi kì í parọ́.' Òun àti ẹnì kan bá dúró, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ wa."

"Ẹ́ńjìnnì ńkọ́?"

"Agbára ẹni méjì ṣẹ́ kù sí i lára."

Ìyá Sípánà sáré lọ bá ọ̀gágun ní ọ́fíìsì. Ọkùnrin náà ń kọ̀wé.

"Sà, ẹ jẹ́ ká padà síbẹ̀."

"Àwọn ọ̀tá ti gba òkè yẹn. Rédíò àwọn méjì tó kù níbẹ̀ ti dákẹ́." Kò gbójú sókè. "Bàálù ò ní àpá kankan. O káre. Mẹ́jọ lo kọ, mẹ́jọ ló dé. Ìwé mi mọ́."

Ìyá Sípánà jáde sínú oòrùn. Gbogbo bárékè ló mọ̀ pé irọ́ ni nọ́ńbà òun, títí kan ẹni tó ń gbálẹ̀. Oṣù kan péré ni àbúrò rẹ̀ tíì lò níbẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bí wọ́n ṣe ń jẹun, ó ti bi í léèrè: "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé bó ṣe rí gan-an lẹ ń kọ nọ́ńbà yẹn sára ilẹ̀kùn?"

Ó ti lanu láti sọ òótọ́ fún un. Àmọ́ ó rí ojú tí ọmọ náà fi ń wo òun, ó sì dùn mọ́ ọn. Ó wù ú kí ẹnì kan ṣoṣo láyé gba ọ̀rọ̀ òun bó ṣe jáde lẹ́nu. Ló bá da omi sí ife rẹ̀, ó ní, "Ìgbà wo ni mo parọ́ fún ẹ rí?"