Ìròyìn Nípa Nuh Usta

Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni Abdulkareem fi gbé ní Jẹ́dà láìṣe Hájì. Ẹni tí kò bá mọ bí Jẹ́dà ṣe súnmọ́ Mẹ́kà tó kò ní lanu. Àwọn arúgbó ń ti Ìwó, ìlú rẹ̀, wọ bàálù wá síbẹ̀ tọ̀pá-tọ̀pá. Òun tí ọ̀nà rẹ̀ kò ju wákàtí kan àti díẹ̀ lọ, òun ẹnjiníà tó ń bá wọn yọ iyọ̀ kúrò nínú omi òkun, etí odò ló jókòó sí tó ń fi itọ́ bọ́jú. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣèèṣì pè é ní Àlàájì ní mọ́sáláṣí, á ní, "Ẹnjiníà ni ẹ máa pè mí o." Úmúrà, Hájì kékeré, kò ní iye tó ti ṣe. Ṣùgbọ́n bí oṣù Hájì bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹ̀yìn á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ọkọ̀ á sì bàjẹ́.

Ṣìkẹ́ aya rẹ̀, nọ́ọ̀sì nílé ìwòsàn kan ní Ash-Shubaikah ní Mẹ́kà, nìkan ló mọ ìdí rẹ̀. Kí Mùsùlùmí tó lọ Hájì, ó yẹ kó tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ ẹni tó bá ṣẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ tí èèyàn dá sí Ọlọ́run, Ọlọ́run lè fi jini. Èyí tí a bá dá sí ọmọ aráyé, ẹni tí a ṣẹ̀ ló ni ẹnu ọ̀rọ̀. Ẹnì kan wà tí Abdulkareem ṣẹ̀ lọ́dún 1974, kò sì tún fojú kàn án mọ́ láti ìgbà náà.

Nígbà tó di ọdún 2013, iṣẹ́ rẹ̀ fẹ́ parí, wọ́n sì máa padà sílé pátápátá ní Disẹ́ńbà. Ṣìkẹ́ lọ gba tasrih, ìwé àṣẹ Hájì, fún àwọn méjèèjì, ó gbé e síwájú ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Rumaysa, tí ẹ ò bá lọ lọ́dún yìí, ó di gbéré nìyẹn."

Ó wo ìwé náà bí ẹni tí kóòtù ránṣẹ́ pè.

Ọmọ ogún ọdún ni nígbà tó lọ kàwé ní Nikosía, ní erékùṣù Sáípírọ́sì. Ọlọ́run mi, ó fẹ́ràn ìlú náà! Títí dòní, bó bá gbọ́ òórùn òdòdó ọsàn wẹ́wẹ́, ọkàn rẹ̀ á fò lọ síbẹ̀. Àpò iyanrìn àti àgbá epo ni wọ́n tò sáàárín ìlú: àwọn Gíríìkì lápá kan, àwọn Tọ́kì lápá kejì, sójà onífìlà búlúù ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé láàárín. Adúláwọ̀ bíi tirẹ̀ ń kọjá síhìn-ín sọ́hùn-ún, kò sẹ́ni tó ń dá a dúró, torí kì í ṣe ti ẹnì kankan. Apá ti Tọ́kì ló ti bá Salih ṣọ̀rẹ́. Orí òrùlé ilé wọn ni àwọn méjèèjì ti ń jẹ bàrà àti wàrà oníyọ̀ nírọ̀lẹ́. Bàbá Salih ń tún rédíò ṣe. Nuh Usta ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí "usta" ni wọ́n ń pe ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́.

Nígbà tí Salih ń lọ kàwé ní Áńkárà ní ìparí ọdún 1973, ó di ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ mú. "Ìyá mi ti kú. Máa bá mi yọjú sí bàbá mi."

Ó sì ń yọjú sí i. Àmọ́ olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, òyìnbó kan tó máa ń rẹ́rìn-ín jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ní kó máa kọ ohun tó bá rí ládùúgbò yẹn wá, kí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ lè dán. Ó kọ ọ́. Òyìnbó ní kó tún kọ sí i: ta ló ń wá sí ṣọ́ọ̀bù Nuh Usta? Ilé iṣẹ́ rédíò wo ló ń gbọ́? Ọjọ́ wo ló ń gbé rédíò kọjá sọ́dọ̀ àwọn Gíríìkì? Nígbà tó di oṣù kẹta, Abdulkareem mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń kọ́ èèyàn ní Gẹ̀ẹ́sì kọ́ nìyí. Ṣùgbọ́n òyìnbó ti ṣèlérí àyè fún un ní yunifásítì kan ní Ìlú Ọba. Ẹ má jẹ́ á fi bò: ó mọ̀, ó sì ń kọ ọ́.

Kí ni òyìnbó fẹ́ fi rédíò ṣe? Erékùṣù kékeré ni, àwọn ńlá ló ń dù ú. Ìlú Ọba ní ibùdó ológun méjì níbẹ̀. Amẹ́ríkà fẹ́ ibi tó ti lè tẹ́tí sí Rọ́ṣíà, Rọ́ṣíà ń ṣọ́ Amẹ́ríkà, Gíríìsì àti Tọ́kì ń fà á mọ́ra wọn lọ́wọ́, ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ ni ò sẹ́ni tó bi léèrè. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan lóṣù Júláì, Nuh Usta gbé rédíò oníbàárà kọjá, kò padà. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, ìjọba dojú dé, sójà Tọ́kì já bọ́ láti ojú ọ̀run, erékùṣù pín sí méjì. Àwọn òyìnbó kó Abdulkareem jáde. Ó gba àyè yunifásítì rẹ̀. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Hájì ku ọjọ́ mẹ́fà nígbà tí Ṣìkẹ́ pè é láti Mẹ́kà.

"Bàbá Rumaysa, ẹ jókòó. Aláìsàn kan wá láàárọ̀, ẹsẹ̀ ló wú. Salih ló wà lórí káàdì rẹ̀. Orúkọ bàbá, Nuh. Ibi tí wọ́n bí i sí, Nikosía."

"Salih pọ̀ láyé."

"Mo bi í bóyá bàbá rẹ̀ ń tún rédíò ṣe. Ó bú sẹ́kún."

Abdulkareem gbé fóònù sílẹ̀. Rumaysa, ọmọ wọn, ló mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wá fún un. Jẹ́dà ni wọ́n bí i sí, Lárúbáwá ló sì fi ń dáhùn gbogbo ọ̀rọ̀: "Yalla, Baba!", ó yá, ká lọ. Ní ẹnu bodè Mẹ́kà, wọ́n yẹ iqama, ìwé ìgbélùú rẹ̀, wò, wọ́n yẹ tasrih wò, wọ́n ní kó máa lọ. Àdúrà tó ń gbà lọ́kàn ni pé kí wọ́n dá òun padà.

Òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ash-Shubaikah ló ti bá Salih lẹ́yìn ìrun Alaasari. Irun orí rẹ̀ ti funfun báláú, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú, tí wọ́n fi báńdéèjì dì, sórí àpótí, ife tíì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n dì mọ́ ara wọn pẹ́. Bàrà orí òrùlé ni Salih kọ́kọ́ dárúkọ, wọ́n sì rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ẹ̀rín náà ló dun Abdulkareem jù. Ó kúnlẹ̀ níbẹ̀, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pa mọ́.

Salih gbé ife sílẹ̀.

"Ṣé o rò pé ìwọ nìkan ni? Oníbúrẹ́dì ń kọ ìwé fún ẹnì kan. Onígbàjámọ̀ ń kọ fún ẹlòmíràn. Ìwé ta ló pa bàbá mi? N kò mọ̀, ìwọ náà kò lè mọ̀ láé. Ṣùgbọ́n o kọ tìrẹ."

"Mo kọ ọ́."

"Ṣé o rántí ohun tó o kọ?"

"Gbogbo rẹ̀. Ogójì ọdún ni mo ti ń kà á lọ́kàn."

Salih fà á dìde, ó fi í jókòó ti ara rẹ̀. "Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, wọ́n rí egungun rẹ̀ nínú kànga, wọ́n gbé e fún mi nínú àpótí kékeré. Mo ti mọ bó ṣe kú. Bó ṣe gbé ayé láwọn oṣù tí mi ò sí nílé ni n kò mọ̀. Àwọn aládùúgbò ti túká, wọ́n ti kú. Ìwọ lo rí i. Sọ fún mi."

Abdulkareem pa ojú dé. Ohùn ìwé tó kọ fún òyìnbó ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. "Ọjọ́ Ajé, aago méje. Ó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó wọ́n omi síwájú ilẹ̀kùn. Ẹ̀wù òtútù tìrẹ, aláwọ̀ ewé yẹn, ló wọ̀."

"Tèmi? Ṣé ó ṣe é wọ̀?"

"Apá rẹ̀ gùn jù fún un, ó ká a sókè. Ó ń súfèé. Nírọ̀lẹ́, aago mẹ́fà, ó yí rédíò kékeré sí Áńkárà. Ojoojúmọ́ ni." Ó la ojú. "Èyí ni òyìnbó fa ilà sí nídìí. Mo kọ ọ́ pé ojoojúmọ́ ló ń gbọ́ Áńkárà. N kò kọ ìdí rẹ̀. Òyìnbó kò bi mí, èmi náà kò sì sọ."

"Kí ni ìdí rẹ̀?"

"Ìròyìn ojú ọjọ́ ló ń gbọ́. Bí wọ́n bá ti sọ ọ́ tán, á pa á. Ó ní òun kàn fẹ́ mọ̀ bóyá òjò ń rọ̀ níbi tí o wà."

Salih fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Abdulkareem náà ń sunkún, kò tijú àwọn tó ń kọjá. Nígbà tó yá, Salih nu ojú rẹ̀ nù, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Mo fi jì ọ́. Lọ sí òkè Àráfà," ó wí. "Ṣùgbọ́n má tíì dìde. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ńkọ́?"