Ìràwọ̀ Márùn-ún fún Tíṣà Baskaran

Wọ́n ti ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn ilé-ìwé tí àwọn ọmọ ti ń díje nínú ṣẹ́sì mọ́ àwọn òbí lójú, Kothai sì fi imú mọ́ gíláàsì fèrèsé bí ẹni tó ń ṣọ́ olè. Ọmọ rẹ̀ ló ń wò. Kayal wà nídìí tábìlì kan lẹ́yìn lọ́hùn-ún, rìbọ́ọ̀nù pupa lórí, eérú mímọ́ tí ìyá rẹ̀ fi tẹ̀ ẹ́ níwájú orí kò tíì parẹ́, ó sì ti ká ẹsẹ̀ méjèèjì sórí àga. Ẹni tó bí Kayal mọ̀ pé bó bá ti ká ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù ti ń bà á nìyẹn.

"Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò lójú fèrèsé," ni rẹfirí sọ látinú. "Ẹ ń kó jìnnìjìnnì bá àwọn ọmọ."

Kothai kúrò. Kò pẹ́, ó tún padà. Wọ́n tún lé e.

Láàárọ̀, lẹ́yìn tí Kayal fìdí rẹmi nínú ayò àkọ́kọ́, ó jẹ àkàrà ìrẹsì idli kan péré, ó nu ọwọ́, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé, "Amma, tí wọ́n bá tún lù mí lónìí, mi ò ta ṣẹ́sì mọ́ láé." Kò sunkún. Ẹkún ì bá sàn. Ọmọ tó ti ń bá bàbá rẹ̀ ta ayò kó tó mọ bàtà á wọ̀, òun ló ń sọ̀rọ̀ bí òṣìṣẹ́ tó fẹ́ fẹ̀yìn tì yìí!

Ohun tí kò sì jẹ́ kí ọkàn Kothai balẹ̀ rárá ni pé ọmọ náà kò ní tíṣà mọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ́ ọ tẹ́lẹ̀ ti ríṣẹ́ sí Dubai, ó ti lọ. Kí ilẹ̀ òní tó ṣú, Kothai gbọ́dọ̀ fèsì fún Tíṣà Baskaran bóyá Kayal ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ tàbí kò ní wá, torí ẹlòmíì ń dúró de àyè náà. Ní Chennai, bí o bá ju òkúta, tíṣà ṣẹ́sì ló máa bà. Rírí èyí tó mọ iṣẹ́ nínú wọn ni wàhálà.

Ó jókòó sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárín àwọn ìyá yòókù, ó ṣí fóònù. Ìràwọ̀ márùn-ún. Ìràwọ̀ márùn-ún. "Tíṣà Baskaran sọ ọmọ mi di akin." "Bí wọ́n bá gbà kí n fún un ní ìràwọ̀ mẹ́wàá, mà á fún un." Gbogbo rẹ̀ dùn, ó dùn jù. Ẹnu dùn ún ro ẹ̀fọ́. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, ta ló mọ èyí tí inú ń run? Ó yí i wálẹ̀, ó kan bàbá kan tó ń jẹ́ Durairaj. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ nípa tiẹ̀ kò tó nǹkan, ìwọ̀nba tó wà níbẹ̀ sì burú jáì. "Bàbá yìí máa ń sùn bí ọmọ bá ń ronú." "Ó pariwo mọ́ ọmọ mi, ilé rẹ̀ ń rùn fún ẹja gbígbẹ." Ìràwọ̀ kan, ìràwọ̀ kan. Kothai pòṣé.

"O ṣì ń kà á?" Malar ló jókòó tì í. Ọ̀rẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n, wọ́n ti jọ ń pín ẹní àti kọfí níbi ìdíje láti ìgbà tí àwọn ọmọ wọn ti kéré. Ọmọ Malar, Sarvesh, ń gba ife ẹ̀yẹ bí ẹni ń ká ọsàn. "Ìwọ obìnrin yìí, wà á fi ìka lu fóònù yẹn ni. Mo ti wí fún ẹ. Baskaran ni. Fún un lésì, kí gbogbo wa sinmi."

"Ṣé ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni Sarvesh ń lọ?"

"Sarvesh? Sarvesh ń gbìyànjú tiẹ̀ nílé ni." Malar ti dìde. "Ó ti parí, òun ló ń bọ̀ yẹn. Mò ń bọ̀ o."

Adìyẹ bà lókùn: ara kò rọ okùn, ara kò rọ Kothai. Ó jókòó, ó dìde, ó tún wo fèrèsé, rẹfirí tún wò ó. Nígbà tó sú u, ó ní òun á lọ wá kọfí mu, ló bá gba ẹ̀yìn ilé ìdáná ilé-ìwé náà kọjá.

Abẹ́ igi dóńgóyárò ló ti rí wọn. Sarvesh lóṣòó sílẹ̀, pátákó ṣẹ́sì kékeré wà níwájú rẹ̀. Bàbá arúgbó kan tó ró aṣọ funfun mọ́ ìdí, tó fi táwẹ́ẹ̀lì kọ́ ọrùn, ń fi igi ìgbálẹ̀ na ẹṣin orí pátákó.

"Ta ní kí o gbé ẹṣin?" ni bàbá ń kígbe. "Ẹṣin bẹ̀ ẹ́ ni? Ó ní ẹsẹ̀ ń yún òun?"

Sarvesh rẹ́rìn-ín títí ó fi di inú mú.

"Tíṣà Durairaj, ẹ rọra, ẹ jọ̀ọ́, àwọn èèyàn á gbọ́." Malar ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó bojú wẹ̀yìn, ojú òun àti Kothai sì ṣe mẹ́rin.

Ó fa Kothai lápá lọ sẹ́yìn táǹkì omi.

"Durairaj," ni Kothai wí. "Ẹni tó ń sùn. Ẹni tí ilé ẹ̀ ń rùn."

"Rẹ ohùn ẹ sílẹ̀."

"Ta ló kọ ọ́?"

"Èwo nínú ẹ̀?" Malar kò tilẹ̀ tijú. "Ti ẹja gbígbẹ, èmi ni. Ti oorun, ìyá ọmọ kan tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú wa ni. Ta ló máa rí kànga omi dídùn, tó máa polongo ẹ̀ ká ìlú? Bàbá ti dàgbà, ọmọ mélòó ló lè kọ́? Kò sì ní irú fóònù yẹn, kò mọ̀ pé wọ́n ń bú òun."

"Baskaran ńkọ́?"

"Àwa náà la kọ tiẹ̀. Àwọn ọmọ tó bá ti ọ̀dọ̀ Baskaran wá, Sarvesh kì í pẹ́ lórí wọn." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rí ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu.

Inú bí Kothai gan-an. "Ọmọ mi lo fẹ́ tì sínú kòtò, Malar. Ọmọ mi tó ń pè ẹ́ ní àǹtí!"

"Tí mo bá sọ fún ẹ, wà á sọ fún àbúrò ẹ, àbúrò ẹ á sọ fún gbogbo Chennai. Ṣé irọ́ ni?" Malar di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Gbọ́. Ó ku àyè ẹnì kan lọ́dọ̀ bàbá. Mà á bá ẹ bẹ̀ wọ́n. Ṣáà ti pa ẹnu ẹ mọ́."

"Ọ̀dájú ni ẹ́. Ìkà ni ẹ́." Kothai sọ ọ́ tán, kò sì lọ.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, ẹnikẹ́ni kì í béèrè lọ́wọ́ ọmọ pé ṣé o borí. Bó ṣe di ike omi mú ni wọ́n ń kà. Kayal ń fi tirẹ̀ gbálẹ̀ bọ̀. Ọmọbìnrin kékeré kan láti Villupuram, tí wọ́n fi òróró pa irun rẹ̀ tó ń dán, ló lù ú.

"Ó ti tán, Amma. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

Kothai di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó fà á lọ sábẹ́ dóńgóyárò. Malar ti bẹ bàbá sílẹ̀ dè wọ́n. Bàbá kò kí ọmọ, kò ní pẹ̀lẹ́. Ó ní, "Ìwé ayò ẹ dà?" Ó gba ìwé tí Kayal kọ ìrìn ayò sí, ó ń tẹ̀ lé e lórí pátákó, kíá, kíá, ó sì dúró lójijì.

"Ibí lo ti kú."

"Rárá o," ni Kayal wí.

"Kí lo wí?"

"Ibí kọ́, Tíṣà. Tí mo bá gbé ọmọ ogun síbí ńkọ́? Kò lè mú mi!"

"Kò lè mú ẹ? Gbé e, kí n rí ẹ."

Ọmọ náà ti jókòó sínú eruku pẹ̀lú aṣọ ìgbàlódé rẹ̀. Ó gbé e, bàbá mú un. Ó ní kò kà, ó dá a padà, ó tún gbé òmíràn, bàbá tún mú un, ó kígbe, bàbá náà kígbe. Ẹni tó fẹ̀yìn tì láàárọ̀ ló ń bá arúgbó jà yìí. Omi lé sójú Kothai, inú rẹ̀ dùn gan-an.

Ìgbà náà ni bàbá tún gbé ìwé sójú. "Ta ló bá ẹ ta á? Wo bó ṣe fi ọbabìnrin ẹ̀ tàn ẹ́, tó ní kí o wá mú un. Ta ló ń kọ́ ọmọ yẹn?"

"Ó ní ẹ̀gbọ́n màmá òun ni. Abúlé ni wọ́n ń gbé."

Bàbá pa ìwé náà dé. Ó wá sọ fún Kothai pé, "Ọmọ yín dáa. Ṣùgbọ́n àyè kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ mi, ojú mi ò sì gbà á mọ́ kí n fi kún un. Ẹ bá mi pe ìyá ọmọ kejì yẹn wá. Ẹ jẹ́ kí n rí àwọn méjèèjì pa pọ̀ kí n tó mú ẹnì kan."

Kothai ní kò burú. Kí ni ì bá sọ? Ó ń rìn lọ. Kò tilẹ̀ tíì dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ tán tí obìnrin náà fi wá pàdé rẹ̀, tinrín, etí aṣọ sárì rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ olóròóró náà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú o, ọmọ mi ló bá tiyín ta lẹ́ẹ̀kan. Ponni lorúkọ mi." Ó ń fi ìtìjú rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ní àfi kí n wá tíṣà gidi fún un ní Chennai níbí. Àwa ará oko, a ò mọ̀kan. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ibí, ṣé òótọ́ ni ohun tí wọ́n kọ síbí yìí?"

Ó na fóònù sí i. Baskaran. Ìràwọ̀ márùn-ún.

Ilé ìdáná kò jìnnà. Bí wọ́n bá ti yà síbẹ̀ báyìí, wọ́n dé ọ̀dọ̀ bàbá. Kothai wo ọmọ náà, ọmọ náà sì wò ó, ojú rẹ̀ mọ́ kedere.

"Gbogbo èèyàn ló ń yìn ín," ni Kothai wí.

Òótọ́ ni. Kò purọ́ kankan.

"Há! Ọkàn mi balẹ̀ wàyí. Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi. Ọlọ́run ló ní kí n bá yín pàdé." Ponni ti ń tẹ fóònù bó ṣe ń jókòó sórí àtẹ̀gùn ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀.

Malar ló yọ láti ẹ̀yìn ilé. "Bàbá ń bi mí. Ṣé o rí ìyá ọmọ náà?"

"Wọ́n ti lọ," ni Kothai wí.

Malar wo ẹ̀yìn Kothai, ó wo obìnrin tinrín náà àti ọmọ olóròóró lórí àtẹ̀gùn, nínú oòrùn gbangba. Ó kàn ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá Kothai, bí àwọn ọ̀rẹ́ ṣe máa ń ṣe. Kothai wá ìbínú tó bí i lẹ́yìn táǹkì nínú ara rẹ̀, kí ó lè fi já apá gbà. Ó wá a títí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ bàbá, kò rí i.