Dùùrù tí Adéòjó Kàn

Ní ọdún 2006, èmi àti bàbá mi ti Ìkòròdú lọ sí Ẹ̀pẹ́ fún àjọ̀dún ọgọ́rùn-ún ọdún ṣọ́ọ̀ṣì wa. A kò tíì jókòó tí mo fi rí dùùrù àtijọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ìwàásù. Wọ́n ti kùn ún, wọ́n sì kan pátákó idẹ kékeré mọ́ ọn níwájú: "Ẹ̀bùn àwọn ará wa ní Ìlú Òyìnbó."

Òyìnbó wo? Adéòjó káfíńtà, bàbá tó bí bàbá mi, ló kan dùùrù yẹn. Ọkọ̀ apẹja ló ń kàn tẹ́lẹ̀, kí àlùfáà ìgbà náà tó bẹ̀ ẹ́ pé kó bá wọn tún dùùrù kan tí ikán ti jẹ ṣe. Ó tú u, ó ní èyí ti kú, òun á kan òmíràn. Igi ọmọ́ ló fi ṣe àpótí rẹ̀, awọ ewúrẹ́ ló fi ṣe ẹwìrì tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Àwọn ahọ́n idẹ tín-ín-rín tí atẹ́gùn ń mú kọrin nínú rẹ̀, òun ló lù wọ́n, tó ń fi fáìlì rin wọ́n títí ohùn wọn fi bára mu.

Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú, ẹbí sì ní kó ṣú opó rẹ̀. Obìnrin náà kò níbi tí yóò lọ. Bàbá àgbà gbà. Ni ṣọ́ọ̀ṣì bá ní oníyàwó méjì ni, wọ́n lé e. Nígbà tó kú, wọn ò jẹ́ kí wọ́n sin ín sí ilẹ̀ wọn.

Mo lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Sàlàkọ́, alága àjọ̀dún.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló ní Ìlú Òyìnbó ni dùùrù yìí ti wá?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Dùnsìn, a mọ̀ pé bàbá àgbà rẹ ló kàn án. Ṣùgbọ́n bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀. Ṣé orúkọ ẹni tí a lé ni ká kọ síbẹ̀?"

Ó mọ̀! Ká ní kò mọ̀ ni, ìbínú mi ì bá mọ níwọ̀n.

Mo jáde lọ pe Àǹtí Mùnírátù nílé rẹ̀ tí kò jìnnà síbẹ̀, ọmọ tí opó náà bí fún bàbá àgbà. Ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí ìyá rẹ̀ tó jẹ́ mùsùlùmí, tí inú wọn padà rọ̀ sí ìyá rẹ̀ nígbẹ̀yìn, ló dàgbà sí, kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn rí. Ó wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà, ìborùn lórí, ó lọ tààrà síwájú Sàlàkọ́.

"Èmi ni ọmọ tí ẹ torí ìyá rẹ̀ lé bàbá mi. Ẹ wò mí dáadáa. Ẹ lé e, ẹ ò lé dùùrù ẹ̀. Ẹ wá kó iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ fún òyìnbó tí ò mọ̀ yín rí!"

Àlùfáà sáré dé. "Ẹ má bínú, Màmá. A ó kọ ọ́ pé káfíńtà kan nínú ìjọ ló kàn án."

Bàbá mi dìde. "Káfíńtà kan? Bàbá mi lórúkọ!"

Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ já pátákó náà, ó jù ú sílẹ̀. A jáde kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀.

Lóṣù kejì, wọ́n ránṣẹ́ pé àwọn ti kọ orúkọ Adéòjó síbẹ̀, ká wá ṣe ìdúpẹ́.

"Ìdúpẹ́ kẹ̀?" ni bàbá mi wí. "Àwọn ni kó wá bẹ̀bẹ̀."

Títí di ìsinsìnyí, wọn ò tíì wá.