Ọkùnrin Inú Èéfín

Adùnọlá na ọwọ́, ó pa tẹlifíṣọ̀n. Ọkùnrin abìbòjú inú rẹ̀ ṣì ń húkọ́ nínú yàrá tí àwọn olè tì í mọ́, tí èéfín sì ti ń kún, nígbà tí gbogbo rẹ̀ ṣókùnkùn.

"No, mamma!" Dùnsìn, ọmọ rẹ̀ tí kò tíì tó wọ iléèwé gidi, figbe ta.

"Eégún ò ní wọ ilé yìí lórúkọ Jésù. Àní eégún òyìnbó."

Eré àtijọ́ ni, aláwọ̀ dúdú àti funfun. Ọkùnrin náà a bo ojú, a mú ọ̀daràn, a sì pòórá kí ẹnikẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀. Adùnọlá kò rí akọni kankan níbẹ̀ ní tirẹ̀. Eégún tó lé e wọ kòtò nígbà èwe rẹ̀ ló rí. Ó padà sídìí ọbẹ̀.

Kò pẹ́ tí ilé fi dákẹ́ jù. Ó bojú wẹ̀yìn. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Ó pa iná, ó sáré sọ̀kalẹ̀ tòun ti sálúbàtà sí ìgboro San Salvario, àdúgbò wọn nílùú òyìnbó. Ọkọ̀ bà á lẹ́rù, gbọ́mọgbọ́mọ bà á lẹ́rù, ṣùgbọ́n ọlọ́pàá ló bà á lẹ́rù jù. Ọlábánjí ọkọ rẹ̀ kò ní permesso, ìwé àṣẹ ìgbélùú. Kí ọmọ ẹni sọnù, kí a má lè ké sí ọlọ́pàá, irú ayé wo nìyí?

"Bọ̀dá Nàfíù, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ rí Dùnsìn?"

Nàfíù tó ń ta gàrí ní kọ̀rọ̀ òpópónà nàka sí ọ̀nà ibùdókọ̀ ojú irin. "Ó sáré kọjá, ìyá Dùnsìn. Mo rò pé ẹ ń bọ̀ lẹ́yìn ni."

Iwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta tẹlifíṣọ̀n ló ti bá a, tó lẹ imú mọ́ gíláàsì. Ìpolówó ọjà ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Èéfín tún ti gba ojú gbogbo tẹlifíṣọ̀n inú rẹ̀. Adùnọlá gbé ọwọ́ sókè láti gbá a létí.

"È ancora dentro," ni ọmọ náà wí, láìwo ẹ̀yìn.

"Ta ló ṣì wà nínú ẹ̀?"

"Papà."

Ọwọ́ Adùnọlá rọ wálẹ̀. Láràárọ̀ ni Ọlábánjí ń ki ìbòjú rọ́bà bọ inú báàgì, èyí tó fi ń bo imú bó bá ń fín ọ̀dà sára irin níbi iṣẹ́. Ta ló sì kọ́ Dùnsìn pé kò gbọdọ̀ sọ orúkọ Dádì rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, pé àṣírí ni ibi tó ń ṣiṣẹ́? Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Òun gan-an ló kó èyí sí ọmọ náà lọ́rùn.

Ó fẹ́ sọ pé kì í ṣe Dádì. Ó wá rántí ikọ́ ọkọ rẹ̀, ikọ́ tó ti ń hú láti ìgbà òtútù, tí àwọn méjèèjì ń pè ní ọ̀fìnkìn. Ó yíjú sí gíláàsì bíi ti ọmọ rẹ̀.

Ilẹ̀kùn já lulẹ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n. Ẹnìkankan kò jáde.

"Ó yá, jáde," ni Adùnọlá gbọ́ tí ẹnu ara rẹ̀ ń wí. "Jáde, jọ̀ọ́."

Ọkùnrin náà rá jáde, ó ń húkọ́. Dùnsìn pàtẹ́wọ́, ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. "Andiamo a casa?"

"A ò tíì ní lọ sílé," ni Adùnọlá wí. "Jẹ́ ká lọ dúró de Dádì níbi tí ọkọ̀ tram máa já a sí."