Àgọ́ Ẹlẹ́ni Méjì

"Wọ́n ní Bàbá Òṣùwọ̀n ti fẹ́... Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ̀ẹ́ n parí ẹ̀."

Alábúrẹ́dì ló ń sọ̀rọ̀. Orí àpótí ló dúró sí láàárín ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ, ó na apá méjèèjì bí ẹyẹ tó fẹ́ gbéra. Ìyá Aránṣọ jókòó sórí àga kúkúrú nídìí ẹsẹ̀ ẹ̀, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún tirẹ̀ síwájú gbọọrọ, ó ń fi pínnì mú etí aṣọ yípo. Pínnì mẹ́fà wà lẹ́nu ẹ̀. Ó yọ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, torí Bàbá Òṣùwọ̀n tí wọ́n dárúkọ yẹn, ọkọ ẹ̀ ni.

"Ó fẹ́ kí ni?"

"Mi ò rí i fúnra mi o. Aṣebàtà ló sọ fún ìyàwó kápẹ́ńtà, ìyàwó kápẹ́ńtà wá... Wọ́n ní ó wà ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ẹrù àwọn tó ń rìn lórí òkè. Wọ́n ní ó wọnú àgọ́ kan níbẹ̀, ó dùbúlẹ̀ gbalaja. Wọ́n ní ó wá sọ fún ọmọ tó ń tajà pé òun ń wá èyí tó máa gba... Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ aṣọ mi."

"Tó máa gba kí ni, Alábúrẹ́dì? Pínnì ń bẹ lọ́wọ́ mi o."

"Ẹni méjì." Ó rẹ apá sílẹ̀. "Ó sì ní kó fúyẹ́, kó ṣeé gbé sá... kó ṣeé gbé lọ, ni mo fẹ́ sọ. Ẹnu mi rèé, mo ti pa á dé."

Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dénú ẹ̀, á di odindi. Ti Ìyá Aránṣọ dénú ẹ̀, kò di odindi nìkan, ó lóyún, ó bímọ, ọmọ ọ̀hún sì ti ń rìn kí Alábúrẹ́dì tó sọ̀kalẹ̀ lórí àpótí.

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni ọkọ ẹ̀ fi wọn ẹrù ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Ibẹ̀ ni orúkọ Òṣùwọ̀n ti bá a délé. Bó bá gbé ọmọ tuntun lọ́wọ́, kò ní sọ pé ọmọ yìí mà jọ bàbá ẹ̀ o; á kàn gbé e sókè-sódò díẹ̀, á ní, "Kílò mẹ́ta àbọ̀," kì í sì í tàsé. Láti oṣù márùn-ún tó ti fẹ̀yìn tì, ó ti dara pọ̀ mọ́ àwọn àgbààgbà kan tó máa ń gun òkè ẹ̀yìn ìlú ní gbogbo Sátidé. Á jáde láàárọ̀ tòun ti ọ̀pá, á wọlé nírọ̀lẹ́ tòun ti eruku, ojú ẹ̀ á sì máa dán bí ojú ẹni tó lọ gba ẹ̀bùn. Kò fìgbà kan sọ fún ìyàwó ẹ̀ pé, jẹ́ ká jọ lọ. Ìyá Aránṣọ náà ò sì béèrè. Iṣẹ́ wà nílẹ̀, orúnkún ọ̀tún tó ti ń tẹ ẹ̀rọ láti ìgbà ọmọge sì ti kọ̀, kò fẹ́ ká mọ́. Àmọ́ ohun téèyàn ò béèrè náà máa ń dunni.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìwà bàbá yìí tún wá yí padà. Ó gbé òṣùwọ̀n ilé ìdáná sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wọn ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wọn síbí méje, ó yan méjì tó fúyẹ́ jù. Ó fi ayùn kékeré gé ọwọ́ búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ẹ̀ dànù, débi pé bó bá ń fọ eyín láàárọ̀, ńṣe ló ń dà bíi pé ó fẹ́ jẹ ìka ara ẹ̀.

"Bàbá wa, kí ni búrọ́ọ̀ṣì ṣe fún yín?" ni ìyàwó ẹ̀ bi í.

"Gíráàmù mẹ́fà," ni bàbá dáhùn, ó ń súfèé jáde lọ.

Ìyá Aránṣọ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ní báyìí, ẹ̀rín ọ̀hún ti kan lẹ́nu ẹ̀. Ta ló ń dín ẹrù kù bí kì í bá ṣe ẹni tó fẹ́ lọ?

Bí Alábúrẹ́dì ṣe jáde, ó wọ yàrá, ó mú ṣòkòtò ìrìn bàbá lórí ìkọ́, èyí tí bàbá ní kó bá òun tún síìpù ẹ̀ ṣe. Kì í ṣe pé ó fẹ́ tú àpò ọkọ ẹ̀ wò o. Ṣùgbọ́n aránṣọ wo ló máa ń tún síìpù ṣe láìkọ́kọ́ kó ohun tó wà lápò kúrò? Ìwé pélébé kan bọ́ sílẹ̀. Ọwọ́ bàbá ló fi kọ ọ́, lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà bíi ti ara páálí ẹrù:

Gígùn: ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún, ìnṣì mẹ́ta.
Èjìká: ìnṣì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àbọ̀.
Ìbú, tó bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sùn: ìnṣì mọ́kànlélógún.

Ìwọ̀n obìnrin ni. Ẹni tó ti ń wọn obìnrin fún ọgbọ̀n ọdún kì í ṣì í mọ̀.

"Tó bá sùn!" Ìyá Aránṣọ jókòó gbì sórí bẹ́ẹ̀dì. "Ó tiẹ̀ ti rí i níbi tó ti ń sùn!"

Ẹlòmíì ì bá sunkún. Ẹlòmíì ì bá pe ẹ̀gbọ́n ọkọ. Ìyá Aránṣọ gbé ìwé ìwọ̀n ẹ̀ kalẹ̀. Gbogbo obìnrin àdúgbò ló wà níbẹ̀, látìgbà tí wọ́n ti jẹ́ ọmọge títí dìgbà tí ìbàdí wọn ò fẹ́ kí wọ́n kà á sókè mọ́. Ó ń fi ìka tọ ìlà lọ. Olùkọ́ tó ń gbé lókè? Gígùn ẹ̀ ṣe é, àmọ́ èjìká yẹn, ìnṣì méjìdínlógún, bí èjìká agbẹ́rù. Nọ́ọ̀sì? Ó gùn jù. Alábúrẹ́dì fúnra ẹ̀ ńkọ́? Ìyá Aránṣọ wo ìwọ̀n Alábúrẹ́dì lẹ́ẹ̀mejì, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀ nínú ọkàn. Àgọ́ tó bá máa gba ìyẹn, kò lè fúyẹ́ láéláé.

Ó tú ìwé náà dé ìparí. Ẹni ọ̀hún ò sí níbẹ̀. Èyí ló wá dùn ún jù.

"Ẹni tí mi ò ránṣọ fún rí!" ó ń bá ògiri sọ̀rọ̀. "Ẹni tí mi ò tiẹ̀ mọ aránṣọ ẹ̀!"

Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara ẹ̀. Ìyá Aránṣọ ò ní ìwọ̀n tara ẹ̀ nínú ìwé yẹn. Ojú ló fi ń gé aṣọ ara ẹ̀, kò sẹ́ni tó fi téèpù kàn án látìgbà tó ti kọ́ṣẹ́ tán.

Lọ́jọ́ kejì, ó fi téèpù kọ́rùn, ó gba ṣọ́ọ̀bù ẹrù ìrìn lọ. Ohun tó ń wá ò ju ẹyọ kan lọ: ta ni ẹnì kejì?

Ọmọbìnrin kan ló bá níbẹ̀, ó fi pẹ́ńsùlù há irun, ó wọ bàtà ìgunkè nínú ilé.

"Ẹ káàsán, Mà. Kí lẹ ń fẹ́?"

"Àgọ́," ni Ìyá Aránṣọ wí. "Èyí tó fúyẹ́, tó sì gba ẹni méjì." Ó tẹjú mọ́ ọmọ náà, bóyá ojú ẹ̀ á yí padà. Kò yí.

"Háà, ohun tí gbogbo èèyàn ń wá nìyẹn, òun ló sì ṣòro jù. Èyí tó fúyẹ́ kì í fẹ̀, èyí tó fẹ̀ kì í fúyẹ́. Ẹ wá wò ó."

Àgọ́ mẹ́ta ni wọ́n pa sílẹ̀. Ọmọ náà tọ́ka sí aláwọ̀ búlúù. "Èyí ò tó kílò kan àbọ̀. Wọ́n kọ ọ́ sára ẹ̀ pé ẹni méjì, àmọ́ kó jẹ́ ẹni méjì tí ò bára wọn jà rí. Bí ọ̀kan bá fẹ́ yí ẹ̀gbẹ́ padà, á kọ́kọ́ jí ìkejì tọrọ àyè."

"Ti ẹ̀yìn yẹn ńkọ́?"

"Ìyẹn fẹ̀ bíi pálọ̀. Ó lé ní kílò mẹ́rin. Ẹni tó bá gbé e gun òkè, bó bá débẹ̀, kò tún ní lágbára tó máa fi pàgọ́."

Ìkẹta ni aláwọ̀ ewé. Ilẹ̀kùn méjì ló ní, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, ògiri ẹ̀ sì dúró ṣánṣán kó tó tẹ̀, kì í gúnni lórí. Ìyá Aránṣọ gbàgbé ìjà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa etí aṣọ ọ̀hún yọ, ó yí inú ẹ̀ síta.

"Ojú rírán méjì," ó wí jẹ́ẹ́. "Wọ́n tún fi rọ́bà lẹ̀ ẹ́ nínú, kí omi má gba ojú abẹ́rẹ́ wọlé. Ta ló rán eléyìí?"

"Ẹ̀rọ ni, Mà."

"Ẹ̀rọ kì í dá rán nǹkan, ọmọ mi. Ẹnì kan ń bẹ nídìí ẹ̀. Bó o bá rí i, bá mi kí i."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. "Àmọ́ mi ò lè ta èyí fún yín. Bàbá kan ti ní ká bá òun fi í pa mọ́. Ojoojúmọ́ ló ń wá, tó bá ti di aago mẹ́rin. Á gbé e sókè-sódò, á ní, 'Kílò méjì ó lé díẹ̀,' inú ẹ̀ á dùn, á sì máa lọ."

Ìyá Aránṣọ jọ̀wọ́ etí àgọ́ náà sílẹ̀. "Kí ló dé tó ò kúkú tà á fún un?"

"Òfin tèmi ni. Èmi kì í ta àgọ́ ẹlẹ́ni méjì fún ẹnì kan. Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀ sí i níṣojú mi. Àìmọye ni wọ́n ti dá padà fún mi, tí ẹnì kejì ní orí òun ń kan ògiri! Bàbá ní ẹnì kejì tòun ò tíì gbọ́ sí i, pé kí òun kọ́kọ́ mọ̀ bóyá apá òun ká a. Ló bá mú ìwọ̀n ẹ̀ wá, ó sì júwe bó ṣe máa ń sùn. Mo fi ṣọ́ọ̀kì ya á sílẹ̀ fún un nínú ẹ̀. Ẹ bojú wò ó."

Ìyá Aránṣọ bojú wò ó. Obìnrin kan dùbúlẹ̀ síbẹ̀ lóòótọ́, ṣọ́ọ̀kì funfun lára ilẹ̀ aláwọ̀ ewé: orí róbótó, èjìká, ìbàdí. Ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bí ẹni tí kò ní àníyàn kankan. Ìyá Aránṣọ wo obìnrin yìí títí, ó fẹ́ kórìíra ẹ̀.

"Jẹ́ n mọ bó ṣe ga tó," ó wí, ó rá wọlé.

Ó dùbúlẹ̀. Orí ẹ̀ bọ́ sí ojú orí. Èjìká bọ́ sí èjìká. Ó ká ẹsẹ̀ òsì, torí bó ṣe máa ń sùn nìyẹn, ìlà ṣọ́ọ̀kì náà sì ká. Ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún, èyí tí kì í ká, ó na án lọ tààrà, gìgísẹ̀ ẹ̀ lọ kan òpin ìlà pẹ́kẹ́.

Ó yọ téèpù lọ́rùn, ó fi wọn èjìká ara ẹ̀ láti ìkángun dé ìkángun. Ìnṣì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àbọ̀.

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ jáde, ó sì pọ̀ débi pé àgọ́ ń mì.

Agogo ẹnu ọ̀nà dún. "Ọmọ mi, mo tún dé o," ni ohùn kan wí. "Jẹ́ n gbé e wò."

"Bàbá, ẹnì kan wà nínú ẹ̀."

"Ta ni? Ṣebí mo ti ní kó o fi í pa mọ́ fún mi!" Bàbá Òṣùwọ̀n bẹ̀rẹ̀, ó yọ orí síbẹ̀, ojú ẹ̀ sì ṣe mẹ́rin pẹ̀lú ojú ìyàwó ẹ̀.

"Ẹ káàsán, Bàbá wa," ni Ìyá Aránṣọ wí látorí ìdùbúlẹ̀. "Ẹ wọlé. Àyè yín ló wà lápá òsì yẹn."

"Ìyá wa! Ta ló sọ fún ọ?"

"Gbogbo àdúgbò. Wọ́n ní ẹ ń kẹ́rù sá. Ẹ wá fi téèpù tèmi wọ̀n mí lójú oorun, bí ẹni tó ń wọn páálí!"

"Ìgbà wo lo tún ń dúró jẹ́ẹ́ bí kò ṣe ìgbà tó o bá sùn?"

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

Bàbá rá wọlé, ó dùbúlẹ̀ tì í, ó ń wo òrùlé aláwọ̀ ewé. "Mi ò gba ẹrù tí mi ò tíì wọ̀n rí láyé mi. Bí mo bá sọ fún ọ, tá a wá dé ìdajì òkè tí mo ní ó ti rẹ̀ mí ńkọ́? Ọ̀nà kan wà tí ò ga, ó rọra ń yí òkè yẹn po bí téèpù ṣe ń yí ìbàdí. Kò ní í dun orúnkún ẹ. Àmọ́ kò ṣeé rìn tán lóòjọ́, àfi kéèyàn sùn lójú ọ̀nà. Ìdí àgọ́ nìyẹn. Gbogbo ohun tí mò ń gé kúrò lára ẹrù tèmi, tìẹ ni mo fẹ́ fi rọ́pò ẹ̀."

"Búrọ́ọ̀ṣì tèmi ńkọ́?"

"Odindi ni mo máa gbé e."

Ọmọ tó ń tajà kúnlẹ̀ sẹ́nu àgọ́, ó fa pẹ́ńsùlù yọ nírun. "Bàbá, ẹ yí padà. Mà, ẹ̀yin náà." Wọ́n yí padà, wọ́n tún un yí. Orí ò kan ògiri, ìgbọ̀nwọ́ ò gún ẹnikẹ́ni níhà. "Ó gbà yín! Mo ti tà á!"

Lójú fèrèsé, aṣebàtà tó ń kọjá dúró, ó gbé ojú lé gíláàsì, ẹnu ẹ̀ là sílẹ̀. Ìyá Aránṣọ juwọ́ sí i látinú àgọ́.

"Ọmọ mi," ó wí, "lọ́jọ́ tí bàbá yìí kọ́kọ́ wá, wọ́n ní ó sọ ọ̀rọ̀ kan fún ọ. Gbígé ló dé etí tèmi. Kí ló wí gan-an?"

"Mi ò rántí," ni bàbá sáré wí, ó fi fìlà bojú.

"Èmi rántí o." Ọmọ náà dìde, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí bàbá ṣe máa ń ṣe. "Ó ní: 'Ọmọ mi, bá mi wá àgọ́ ẹlẹ́ni méjì tó fúyẹ́, tí mo lè dá gbé, torí mi ò fẹ́ kí ẹnì kejì gbé nǹkan kan ju ara ẹ̀ lọ. Kó fẹ̀ o, kó lè na ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń fi ẹsẹ̀ yẹn tẹ ẹ̀rọ, tó ń fi aṣọ bo ìlú yìí. Mo fẹ́ kó dé òkè, kó wo ìsàlẹ̀, kó rí iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ bó ṣe ń rìn káàkiri.'"