Àwọn Aláìsàn Ọjọ́bọ̀

Kí Miriam tó di ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Kàbà, ọjọ́ kan náà ni gbogbo àwọn tó ní àtọ̀gbẹ máa ń wá. Ẹni tí ara rẹ̀ ti balẹ̀ á jókòó ti ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jẹrà, ìtọ́jú kan náà ni wọ́n sì ń gbà. Miriam pín wọn. Àwọn tí ṣúgà ara wọn kò ga mọ́ ń wá ní ọjọ́ Ajé, lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́ta. Andrew, igbákejì rẹ̀, á yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, á sì fún wọn ní oògùn. Àwọn tó ní egbò ń wá ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, Miriam fúnra rẹ̀ ló sì ń tọ́jú wọn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ó ti ń fọ egbò wọn, lójú ara wọn, nítorí kò sí yàrá tó ṣófo.

Ètò náà dára. Láti ìgbà tí ó ti bẹ̀rẹ̀, wọn kò gé ẹsẹ̀ ẹni Ọjọ́bọ̀ kankan.

Yéjídé, opó kan tó ń gbin iṣu ní Òkè-Bùkún, ní egbò ní àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún. Kò mọ ìgbà tí ó débẹ̀.

“Kò dùn mí rárá,” ni ó wí.

“Àìdùn rẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù,” ni Miriam dáhùn. “Bí n kò bá rí i lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹsẹ̀ yìí yóò lọ, Ìyá. Ọjọ́bọ̀ ni tiyín.”

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ kò, Yéjídé wá. Ó rí Josiah, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, lórí bẹ́ńṣì, tí ó ká ṣòkòtò dé orúnkún. Ọmọkùnrin Josiah ló fẹ́ Ayọ̀kẹ́mi, ọmọ Yéjídé. Yéjídé fa ìborùn bojú, ó sì yí padà.

Lọ́jọ́ kejì ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé tọ Miriam lọ.

“Okun o, ọmọ mi.”

“Okun, Ìyá. Mo retí yín títí lánàá.”

“Mo wá. Àna mi ló wà níbẹ̀.”

“Ṣé ẹ jà ni?”

“Ta ló sọ ìjà? Ṣé kí n na egbò tó ń rùn síwájú bàbá ọkọ ọmọ mi? Lọ́jọ́ tí ọbẹ̀ bá jóná mọ́ Ayọ̀kẹ́mi lọ́wọ́, wọn á ní òórùn ìyá rẹ̀ ni. Àbí Èkó ni wọ́n bí ìwọ sí?”

Miriam rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ọmọ Kàbà ni. Òun náà kò jẹun níwájú bàbá ọkọ rẹ̀ rí.

“Fi mí sí ọjọ́ Ajé. Èmi àti ẹnikẹ́ni kò tan níbẹ̀.”

“Àwọn tí ara wọn le ló ni ọjọ́ Ajé.”

“Ara tèmi kò le? Mo ti roko kí n tó wá síbí.”

Ó yẹ kí Miriam kọ̀. Ó gbà, nítorí pé àgbà ló ń bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí Yéjídé máa wá ní gbogbo ọjọ́ Ajé, kí ó sì fi ẹsẹ̀ náà han Andrew. Yéjídé bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má sọ ọ̀rọ̀ náà fún ẹnikẹ́ni, Miriam kò sì sọ ọ́ fún Andrew. Òun alára kì í sí ní ilé ìwòsàn lọ́jọ́ Ajé. Ìgbà náà ló ń lọ sí àwọn abúlé.

Ní ọjọ́ Ajé, ẹnikẹ́ni kì í bọ́ bàtà. Andrew yẹ ẹ̀jẹ̀ Yéjídé wò bí ó ti yẹ ti àwọn yòókù wò, ó sì fún un ní oògùn oṣù mẹ́ta.

“Ó dára, Ìyá. Ẹ máa lọ sinmi.”

Ẹgbẹ́ àbíkẹ́yìn rẹ̀ ni Andrew. Yéjídé kò lè bọ́ bàtà fún ọmọ tí kò bi í léèrè. Ó lọ sílé, kò sì padà wá.

Nígbà ìkórè, Ayọ̀kẹ́mi wá bá ìyá rẹ̀ ru iṣu. Ó gbọ́ òórùn kan, ó rò pé eku kú sínú iyàrá. Ó wá a títí, kò rí i, kí ó tó kíyè sí aṣọ tí ìyá rẹ̀ fi di ẹsẹ̀.

Ní Lọ́kọ́ja ni wọ́n ti gé ẹsẹ̀ náà lábẹ́ orúnkún.

Miriam lọ kí i níbẹ̀. Ó bá Josiah tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà iyàrá.

“Mo rí i lọ́jọ́ náà,” ni Josiah wí. “Mo rí i tí ó yí padà.”

“Ẹ kò pè é, Bàbá.”

“Ta ní ń pariwo pe àna rẹ̀ lójúde? Bí o bá sọ fún mi ni, èmi ni ǹ bá yẹra fún un. Kí ni mò ń ṣe nílé tí n kò fi lè wá ní ọjọ́ Ẹtì?”

Àìsàn nìkan ni Miriam wò nígbà tí ó ń pín wọn.

Wọ́n gbọ́ ohùn Yéjídé láti inú iyàrá.

“Ẹ má tíì wọlé. Ayọ̀kẹ́mi, fa aṣọ náà sísàlẹ̀.”

“Mo ti fà á, Ìyá.”

“Ṣé ó bò ó?”

“Kò sí ohun tí yóò bò níbẹ̀ mọ́.”

“Fà á síbẹ̀.”

Ayọ̀kẹ́mi fà á. Nígbà náà ni Josiah wọlé. Ó dúró jìnnà sí ibùsùn, ó sì kí i. Yéjídé dá a lóhùn pé ara òun le, ó sì béèrè àlàáfíà ilé rẹ̀.